Ààwẹ̀ Màmá fún Àwọn Tó Gòkè

Tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ bá wọkọ̀ láàárọ̀, màmá mi kò ní fẹnu kan oúnjẹ títí onítọ̀hún yóò fi pè wọ́n pé òun ti délé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ará ilé àdúrà ni wọ́n, Ore ni wọ́n sì ń gbé, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ Bìní ti ń dúró jẹun. Wọ́n ti rí ohun tójú ọ̀nà lè ṣe. Èmi tí mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ààwẹ̀ yìí ni mo wá lọ fa ti ọjọ́ yẹn.

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, mo ń wo fóònù. Mo ní, "Màmá, ẹ wá wo arìnrìnàjò gidi." Mo fi rọ́kẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n, bó ṣe ń tu iná nídìí tó ń gòkè lọ. Mo ṣàlàyé pé èèyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pé ilé kan wà lójú òfurufú tó ń yí ayé po láìdúró, pé èèyàn ń gbé inú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

"Obìnrin wà nínú wọn?"

"Ó wà. Òun gan-an lọ̀gá ọkọ̀."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá, èmi ò mọ ìyá rẹ̀ o."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, sùtánà funfun ti wà lọ́rùn wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, gbé ẹ̀kọ àti àkàrà dé. "Gbé e padà," ni màmá wí. "Àwọn ọmọ yẹn ò tíì débẹ̀."

Mo ní kò lè pẹ́. Ìgbà tí mo wo fóònù dáadáa, mo rí i pé ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó débẹ̀!

Àbúrò mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wa ọkọ̀ náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ohun tẹ́ ẹ ṣe? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ lò ó láìjẹun."

Ilẹ̀ mọ́, omi nìkan ni màmá mu. Àbúrò mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé. "Ẹ kàn sọ pé wọ́n ti dé. Ta ló máa gòkè lọ wò ó?"

Mo wọlé. "Màmá, ẹ kú ìdúró. Wọ́n ti dé."

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù bí ẹni tó ń wá orúkọ onítọ̀hún.

"Ìwọ náà, lọ́jọ́ tó o pè mí láti gáréèjì Àbújá, ṣé mo jẹun? Ẹni tí wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn fún ò tíì dé."

Nígbà tó dọ̀sán, èmi àti àbúrò mi dì mọ́ fóònù. Ọkọ̀ náà rọra, ó rọra, ó lẹ̀ mọ́ ilé náà pẹ́kí. Àbúrò mi pariwo pé wọ́n ti dé.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni màmá wí.

Ilẹ̀kùn ò ṣí. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò. Èmi tí mo kàwé yìí ni mo jókòó tí mo ń bẹ ilẹ̀kùn. Mo tún gbàdúrà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ kó tó ṣí. Obìnrin yẹn ló kọ́kọ́ yọrí, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń léfòó bọ̀ bí ewé orí omi. Àwọn onílé dì mọ́ ọn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Màmá gba fóònù, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kú ewu ọ̀nà."

Ìgbà náà ni wọ́n tó bọ́ sùtánà, tí wọ́n ní kí àbúrò mi gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, àti ọbẹ̀ wá. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lo oògùn, wọ́n tún ní kó bu díẹ̀ sí i. Mo jókòó tì wọ́n, inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo gbé àwọn èèyàn náà débẹ̀.

"Àwọn tó ṣílẹ̀kùn yẹn," ni màmá wí, "ṣé ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí ni?"

Àbúrò mi ti tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ dáadáa pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn yẹn máa wọkọ̀ padà sílé.

"Màmá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."