Àtọ̀sí Ajá: Bẹ́ẹ̀ Ni tàbí Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Ìgbà kẹta nìyẹn tí mo máa kọ̀wé sí àwọn onígbọ̀wọ́ pé kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́ lórí ìwádìí mi. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní èrò mi gbòòrò jù. Nígbà tí mo dín in kù, wọ́n ní ó ti há jù. Agọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìlera ará ìlú, láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo sì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́dún yẹn, bí mo bá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan pé èrò rẹ̀ gbòòrò jù, inú mi a máa dùn díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ wádìí kò lọ́jú pọ̀. Lápá etí omi, láàárín Ìwopin àti Ìbíadé, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò kékeré kan ló ń ti ara ìṣáwùrú inú odò jáde, tó sì ń wọ ara ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi. Àìsàn náà kì í ran láti ara ọkọ sí aya, kò sì kan ìṣekúṣe. Àtọ̀sí ajá ni Yorùbá inú ìwé ń pè é. Mo ti mọ orúkọ yìí láti ilé-ìwé, mi ò sì bi ara mi rí bóyá àwọn tó ń ṣe gan-an mọ̀ ọ́n.

Nǹkan méjì làwọn onígbọ̀wọ́ béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní kí n fi èdè àwọn ará abúlé kọ àwọn ìbéèrè mi, kí n sì lọ dán an wò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n tún ní kí baálẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé abúlé gbà. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ kó tó di ọ̀sán Jímọ̀.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo pín ojú ewé sí àpótí àpótí: ìbéèrè lápá òsì, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lápá ọ̀tún. Àpótí náà tẹ́ẹ́rẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ Yorùbá gé ọ̀rọ̀ mi sí méjì, ó fi àtọ̀sí sílẹ̀ lókè, ó sì fún ajá ní àpótí tirẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá yọ ajá kúrò lára àtọ̀sí, àìsàn tí ọkùnrin ń lọ kó nílé àlè ló kù sí i lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mi ò tún un kà. Èmi tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tún iṣẹ́ rẹ̀ kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé abúlé náà létí omi. Baálẹ̀ ní wọn kì í sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lábúlé òun, nítorí náà gbogbo èèyàn jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló bá mi ka ìbéèrè náà, torí òun ni wọ́n fọkàn tán. Baba yìí kì í fo nǹkan. Ó ka nọ́ńbà ojú ewé pàápàá. Apẹja kan, ẹni bí àádọ́ta ọdún, ló kọ́kọ́ dìde.

"Ǹjẹ́ èyí ń ṣe yín: àtọ̀sí?" Tíṣà ló bi í.

Ọkùnrin náà ronú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń ṣe mí."

"Ajá?"

"Ọ̀kan ni. Ó ti ń darúgbó."

Tíṣà fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Ìyàwó apẹja náà dìde láàárín àwọn obìnrin, ó jáde, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó ṣú, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbíadé.

Mo ṣàlàyé fún baálẹ̀ pé àṣìṣe ni. Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé tó tú ilé ká, àfi bí obìnrin náà bá padà. Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, pé òun kò mọ ilé àlè kankan.

Mo bá obìnrin náà ní Ìbíadé, níbi tó ti ń bẹ gbágùúdá lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kí i, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ, mo ní mo gbọ́ pé ó ń bínú sí ọkọ rẹ̀.

"Mẹ́ẹ̀ bínú sí i, dókítà," ló wí. Kò gbójú sókè. "Tèmi ni. Kí n tó wọ ulé ọkọ lí mo ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Mẹ́ẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tó dáhùn níwájú gbogbo ayé, mo mọ̀ pé èmi lí mo kó o ràn án."

Mo jókòó tì í. Lẹ́yìn náà mo sọ ti omi fún un, mo sọ ti ìṣáwùrú, mo ní kò sẹ́ni tó kó o ran ẹnì kan. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Ṣé oògùn rẹ̀ wà?"

Inú mi dùn pé ó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. "Ó wà. Oníhóró ni. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ń lò ó."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọjọ́ kan," ló wí. Ó sunkún, kò sì nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí ìwé ètò ìwádìí tó wà nínú báàgì mi. "Nínú ìyẹn, ibo lẹ kọ oògùn náà sí?"

Mo yọ ọ́ jáde. Mo rọra ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo ti kọ ti ìgò ìtọ̀, mo ti kọ ti epo ọkọ̀, mo ti kọ ti ìpàdé tí a óò ti kéde àbájáde ní Àbújá. Mo ṣí i dé ìparí.

"Kò sí níbẹ̀," mo wí.

"Bẹ́ẹ bá wá rí i pé ó ń ṣe wá ńkọ́?"

"A óò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó wò mí títí. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó dìde, ó fọwọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n fi ọkọ̀ gbé òun padà, kí ẹnì kan lè sọ fún ọkọ òun pé oògùn wà.