Wàláà Méje Lórí Òrùlé Wa ní Kalley

Wọ́n mú bàbá mi, arúgbó tí ń kọ́ ọmọ ní kéú, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí wáyà tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí o má baà rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa.

O mọ bí ọjà Katako ní Niamey ṣe máa ń rùn láàárọ̀: lẹ́búlẹ́bú pákó, irin tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, èéfín rọ́bà. Ibẹ̀ ni mo ti ra igi méjì tí mo gbé dábùú ara wọn, àti wáyà bàbà tí wọ́n tú nínú fáànù tó ti kú. Ní yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ pé mànàmáná tó kọ lọ́nà jíjìn réré ń rán ìgbì rédíò kan jáde, ìgbì tó ń rọra mì tó bẹ́ẹ̀ tí rédíò inú ilé kò fi lè gbọ́ ọ. Bí èèyàn bá we wáyà tó pọ̀ mọ́ igi, tó so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, á gbọ́ ọ. Gbígbọ́ nìkan ni o. Àǹtẹ́nà yẹn ní etí, kò ní ẹnu. Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sọ́kàn.

Wáyà náà kò gbọdọ̀ fara kanra, oòrùn Niamey sì ti yọ́ ike tí mo kọ́kọ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Bàbá mi ló yanjú rẹ̀. Nílé wa ní àdúgbò Kalley, a kì í ju wàláà tó ti là sí ààtàn. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti kọ́ bàbá mi pé ohun tó ti ru ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kì í gbélẹ̀. Méje ló wà nínú àpótí rẹ̀.

"Òkè lò ń gbé nǹkan rẹ yìí lọ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kó wọn. Òkè ló tọ́ sí wọn."

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gé eyín sí etí wọn bí ìyàrun, wáyà sì jókòó sáàárín eyín náà jẹ́ẹ́. Ìyá mi wo òrùlé títí. "Aṣọ ta ni a fẹ́ sá síbẹ̀?"

"Etí ni, Ìyá."

"Etí ẹni tí mo ní kó lọ fẹ́ ìyàwó tí kò gbọ́."

Lẹ́yìn ìrun àsùbá ni mo gbọ́ ọ: ó ń ta pàrà-pàrà bí ẹni ń yan àgbàdo, lẹ́yìn náà ni ìfé gígùn kan ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Mo fi ẹ̀rọ náà sí etí bàbá mi. "Ó lè jẹ́ òjò Ìlọrin nìyẹn," ó ní.

Ẹ̀rù amí ń ba gbogbo ìlú nígbà yẹn, ó sì yẹ kí n ti rò ó pé wọ́n lè pe àǹtẹ́nà mi ní ẹ̀rọ amí. Wọ́n dé ní ìyálẹ̀ta, ọkùnrin márùn-ún pẹ̀lú ìbọn. Wọn kò fi ìwé àṣẹ kankan hàn wá. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ ya, wọ́n dà á sí àgbàlá, ọ̀kan nínú wọn sì fi bàtà tẹ wàláà kan mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wọn gbé wàláà náà sókè. Ó wo lẹ́tà Lárúbáwá tó ti ń pa rẹ́ lára rẹ̀, ó wo wáyà tó lọ́ mọ́ ọn, ó sì fi Faransé béèrè pé, "Ta ló ni èyí?"

Èmi ló yẹ kí n dáhùn. Mo gbọ́ Faransé, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu ìbọn, ahọ́n mi sì lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Kò ju ìmí méjì lọ. Bàbá mi, tí kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, rí wàláà rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ó fi Zarma, èdè ìlú náà, sọ pé, "Tèmi ni." Alfa kì í sẹ́ wàláà.

Wọ́n kó wàláà méjèèje, wọn kò sì jẹ́ kí bàbá mi dé fìlà. Ìgbà tí wọ́n ti ń tì í wọ ọkọ̀ ni ohùn mi tó jáde. "Èmi ni mo ṣe é, ọ̀gá. Mànàmáná ni mo ń fi í gbọ́."

"Mànàmáná ń bá yín sọ̀rọ̀?" ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá ń dá a lóhùn?"

Fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo alùpùpù tó bá dẹwọ́ eré lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo ń sáré jáde lọ wò. Ìyá mi ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ sí komisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, láràárọ̀, wọ́n ń dá a padà ní tútù: kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ níbí. Yóò padà wálé, yóò jókòó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, fìlà bàbá mi lórí itan rẹ̀. Mo kọ àlàyé ojú ìwé mẹ́rin, mo ya àwòrán sí i. Ẹni tó gbà á kò kà á. Ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bàbá mi fẹsẹ̀ rìn wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò dé fìlà. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni, "Wàláà dà?" Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá kùn lẹ́nu ọ̀nà, yóò gba wàláà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéú, yóò tì í sábẹ́ ẹní. Kò bi mí rí ìdí tí mo fi dákẹ́. Èmi ni ẹ̀rù bà, òun ló bá mi rù ú. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sílé wa, ẹ wí tiyín. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí ẹ mú un? Báwo ni ẹni tó wà nínú yàrá yín kò ṣe sí nínú ìwé yín? Àti wàláà méje náà, ibo lẹ kó wọn sí? Ṣé òkè ni, àbí ilẹ̀?