Ihò Tí A Dí De Kọmíṣọ́nnà

Awakọ̀ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ni mí. Ọjọ́ tí mo ríṣẹ́ náà ni àdúgbò wa ní Lotto, ní Mowe, ti sọ mí di ẹni tó ń sùn lórí owó ìjọba. Ìyá oníbúrẹ́dì tó máa ń pè mí ní "ìwọ Wàhábì" tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Dádì. Dádì! Èmi tí mi ò tíì níyàwó.

Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ láti ìjókòó awakọ̀ ni mo ti fetí kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá mi. Kì í gbówó kiri. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mọ ohun tó máa wọlé fún ìpínlẹ̀, kó pín in fún ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ọ̀nà àti owó oṣù, kó wá gbé e síwájú gómìnà. Ìyókù iṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo ti gbọ́ ọ tó ń sọ "ẹ ní sùúrù" lórí fóònù láti Abẹ́òkúta dé Ṣàgámù.

Ihò pọ̀ lójú ọ̀nà àdúgbò wa, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, pẹ́pẹ́yẹ ló ń gbà á lọ́wọ́ mọ́tò. Ọ̀kadà da aboyún kan nù síbẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Wọ́n ti ń to ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, tí ọ̀nà wa ò bá sì wọ̀ ọ́, ó di ọdún tó tẹ̀lé e. Mo rò ó pé kí n má wulẹ̀ sọ fún ọ̀gá, kí n kúkú fi hàn án. Mo lọ bá alága ẹgbẹ́ onílé.

"Bàbá, lọ́la la ń bọ̀ láti Ibogun. Màá gbé kọmíṣọ́nnà gba ọ̀dọ̀ yín."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní, "Sà, àbùjá kan wà níbí."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà."

Àbùjá kẹ̀? Ó tún jìn sí i ni. Mo di ọwọ́ mọ́tò mú, mò ń retí kí ihò gbé wa jù sókè. Mọ́tò kàn ń yọ̀ lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Wọ́n ti fi yanrìn dí gbogbo ihò, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n tún wọ́n omi sí i. Ṣé kí àlejò ńlá wá bá ihò nílẹ̀ ni? Gbogbo wọn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú aṣọ ọdún.

Ọ̀gá sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ọ̀nà yín mà dáa o! Ẹ kú ìtọ́jú."

Bàbá Alága, tó ti dọ̀bálẹ̀, gbórí sókè. "Kò dáa o, sà!"

"Èyí tí mo gbà wọlé yìí?"

"A kàn dí i dè yín ni, sà."

Ìyá oníbúrẹ́dì pariwo, "Bàbá, mo sọ fún yín! Mo ní ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀!"

Bàbá yíjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ẹ gbé ṣọ́bìrì. Ẹ gbẹ́ ẹ padà!"

Wọ́n gbẹ́ ẹ lóòótọ́, níṣojú kọmíṣọ́nnà. Omi tó ti sá pa mọ́ sábẹ́ yanrìn tún ru jáde. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá wò mí.

"Wàhábì, àbùjá ibo lèyí?"

"Àdúgbò mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ náà wọ inú ẹrẹ̀ ihò dé orúnkún.

"Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn tó báyìí?"

"Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, sà," Bàbá fèsì. "A ò fi kún un."

Mo gbé ọ̀gá délé. Mo gbà pé iṣẹ́ ti bọ́. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin náà máa ń sùn lẹ́yìn mọ́tò torí ó gbà pé ibi tó rán mi ni mò ń lọ.

Láàárọ̀, mo gbé bàtà ẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó jáde síta.

"Fi í sílẹ̀. Òní ni màá gbé ètò ìnáwó lọ bá gómìnà. Bàtà yẹn ń bá mi lọ."

Mo wá ọ̀rá dúdú, mo fi wé e. Mo gbé e sí ìjókòó iwájú, mo sì fi bẹ́líìtì dè é.