Orúkọ Tí Sẹ̀gilọlá Ò Pè Rí

Ẹnu àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò nílẹ̀kùn. Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lánàá á dúró lójúde, á máa pe ọkọ ẹ̀ lórúkọ bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé. Ọkọ náà á sì jẹ́, á tún rẹ́rìn-ín.

Sẹ̀gilọlá ò mọ irú ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì tó ti wọlé ọkọ n'Ìjàn, orúkọ ọkùnrin yẹn ò tẹnu ẹ̀ jáde rí. "Bàbá Pẹ̀lúmi" ló ń pè é láàyè. Nígbà tó kú, "Bàbá Pẹ̀lúmi" náà ló fi sunkún ẹ̀.

Ìyá ọkọ ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ tábà: bí wọ́n ṣe ń já òdòdó orí ẹ̀ kí ewé lè nípọn, bí wọ́n ṣe ń so ó kọ́ sájà títí á fi gbẹ, tí á pọ́n. Oje ewé yẹn ti wọ èékánná ẹ̀, ó dúdú, ọṣẹ kan ò ràn án. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ ti lọ, òun nìkan ló ń roko, òun ló ń ru ewé lọ Ọjà Ọba l'Ádó fáwọn tó ń lọ̀ ọ́ ní áàṣáà.

Nígbà táwọn ará ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ wá kọ orúkọ àwọn tó ń gbin tábà, pé ìjọba fẹ́ fún wọn lówó ìrànwọ́, wọ́n bi í pé ta ló loko. Kí lobìnrin tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé máa sọ? Ó ní, "Oko Bàbá Pẹ̀lúmi ni." Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ. Ni Adéjọbí, àbúrò ọkọ ẹ̀, tí ò fọwọ́ kan ọkọ́ látìgbà tó ti rí iṣẹ́ ìjọba l'Ádó, bá gba ẹ̀yìn lọ sọ́fíìsì, ó lóun lolórí ẹbí, kí wọ́n kọ tòun. Ó ti ń sọ kiri pé bí owó bá ti jáde lórúkọ òun, ilẹ̀ ti di tòun nìyẹn, òun á tà á fẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé epo.

Lọ́jọ́ ìsanwó, Sẹ̀gilọlá àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Ṣẹ̀fíátù lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Adéjọbí ti jókòó síwájú.

"Ìyàwó wa, kí ló gbé ọ débí?"

"Oko tẹ́ ẹ ò mọ̀nà ẹ̀ ni, Akọ̀wé." Orúkọ tí Sẹ̀gilọlá fún un nìyẹn lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, torí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ.

Dámilọ́lá, ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé, gbójú sókè. "Màmá, 'Bàbá Pẹ̀lúmi' ló wà nínú ìwé. Tí ẹni tó loko bá ti kú, mo lè yí i sórúkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ olóògbé."

"Bàbá Pẹ̀lúmi ni," Sẹ̀gilọlá ní.

"Kò lè pè é," Adéjọbí ní. "Ilé ire ló ti wá. Kọ tèmi, jàre."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá wo èékánná ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó kọjú síhà ibi tí sàréè ọkọ ẹ̀ wà.

"Ẹ forí jì mí," ó ní. "Adéyẹyè. Adéyẹyè ni wọ́n ń jẹ́. Wọ́n ti kú. Èmi ni mo loko."

Dámilọ́lá yíjú sí gbogbo gbọ̀ngàn.

"Ẹni tó bá mọ̀ pé òótọ́ ni, kó nawọ́," Dámilọ́lá ní.

Ọwọ́ ń lọ sókè, ọwọ́ àgbẹ̀, gbogbo èékánná dúdú. Ti Adéjọbí wà lórí orúnkún ẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jáde lọ jókòó síta.

"Ẹnu mi korò," Sẹ̀gilọlá ní.

"Oyin lo fẹ́ kó dà?" Ṣẹ̀fíátù ní.

"Tí mo bá délé, màá lọ síbi sàréè yẹn. Màá sọ fún wọn pé kì í ṣe àfojúdi, pé torí ilẹ̀ wọn ni, pé láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti lọ, kò sọ́jọ́ tí mi ò rántí—"

"Ta ni Sẹ̀gilọlá Adéyẹyè níbẹ̀?" Dámilọ́lá ń pè látinú ilé. "Màmá, ẹ máa bọ̀ wá tẹ̀ka."