Bọ́ọ̀dù Daddy Fàtáì àti Ìkómọ Hafsah

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ Daddy Fàtáì fún yín, àwọn tó ń gbé lókè wa níbí ní Brays Oaks. Ọmọ ń sùn, ẹ jẹ́ n yára kó tó jí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni Daddy Fàtáì nígbà tí wọ́n dé Houston. Wọ́n wá ṣe ẹnjiníà ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé ni Bọ́ọ̀dù. Pátákó ìkéde ni Bọ́ọ̀dù yìí, inú kọ̀ǹpútà ló kàn wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì wọn, ló gbé gbogbo ẹ̀ dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ máa lo láptọ́ọ̀pù yín, ẹ máa tẹ orúkọ àti páṣíwọ̀ọ̀dù, ó parí. Ẹ máa ka ohun táwọn ará ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa kọ, ẹ̀yin náà á kọ tiyín.

Ó dáa o! Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, abẹ́ àkòrí ẹ̀ ló máa wà. Nígbà tí mo lóyún, mo rí ohun táwọn ìyá kan ti kọ láti ayé ìgbà yẹn nípa ẹsẹ̀ wíwú, ó wà níbẹ̀ digbí. Kò sí fídíò tó ń kún fóònù, kò sí pé ẹnì kan ń polówó gèlè. Kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíì á ti jù nù gan-an lè gbé e.

Àmọ́ ká sọ òótọ́. Kò gba fọ́tò, kò gba voice note. Tẹ́ ẹ bá fàmì sórí Yorùbá, á sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹ̀, ẹnu ọ̀nà làwa tó kù wà.

Ìyẹn ló mú kí Alhaja Làdíátù, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, dìde ní mítìǹgì.

"Fàtáì, gbogbo ayé ti wà lórí WhatsApp, ìwọ ṣì ń tò wá sórí ìlà bíi ẹni tó fẹ́ pọnmi! Pa nǹkan yẹn, jọ̀ọ́."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Daddy Fàtáì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí ojú wọn. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́," ni Daddy Fàtáì wí, "ìkómọ Azeezat ló kàn. Ẹ jẹ́ ká kéde ẹ̀ síbi méjèèjì. Tí Bọ́ọ̀dù ò bá wúlò, èmi fúnra mi á pa á."

"Ó ti kú nìyẹn!" ni Alhaja wí.

Ẹ gbà mí! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkómọ mi ló wá di ìdánwò!

Nígbà tó ku ọ̀la, páìpù bẹ́ ní gbọ̀ngàn ibi tá à ń gbé, níbi tá a ti fẹ́ ṣe é. Omi gbilẹ̀. Adélékè, ọkọ mi, sáré gba gbọ̀ngàn míì ní Gulfton. Òun kọ àdírẹ́sì tuntun sórí WhatsApp, Daddy Fàtáì kọ ọ́ sórí Bọ́ọ̀dù.

Ní WhatsApp, ẹnì kan ṣàdúrà fún wa lábẹ́ ẹ̀. Ẹ kúkú mọ̀ wá, ta ló máa rí àdúrà tí kò ní ṣàmín? Àmín dé! Àmín olódòdó, àmín tó ń tàn yinrin, àmín tó ń jó. Wọ́n bo àdírẹ́sì Gulfton mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Alhaja Làdíátù gan-an ló wọlé! Fóònù wọn ti kún fún fídíò, ni wọ́n bá gbé láptọ́ọ̀pù. Wọ́n rí àdírẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àdúrà síbẹ̀: fún ọmọ, fún ìyá, fún ìyá ìyá. Wọ́n wá dìde lọ dín ẹran, wọn ò jáde nínú Bọ́ọ̀dù. Ọ̀nà dí.

Mo gbọ́mọ gòkè lọ bá Daddy Fàtáì. Wọ́n fọwọ́ lérán níwájú kọ̀ǹpútà.

"Daddy, ṣé kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè yọ Alhaja ni?"

"Bọ́tìnnì kan péré ni, ọmọ mi. Ó tiẹ̀ lè dá àkókò fún èèyàn, tó bá ti pé, á tì í síta. Èmi ni mo pa ìyẹn."

"Kí ló dé?"

"Ó máa ń já lu ọ̀rọ̀ àgbà! Kí n wá lé Alhaja jáde láàárín àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tuntun? Mi ò jẹ́ dán an wò."

"Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ pa Bọ́ọ̀dù o."

"Ká pa á nígbà náà." Wọn ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn.

Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ṣebí WhatsApp wà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Gulfton: èmi, Adélékè, Daddy Fàtáì àti Ìmáàmù. Ta la bá níbẹ̀? Alhaja Làdíátù nìkan, lórí àga, pẹ̀lú kúlà ẹran. Fóònù Adélékè ò sinmi: gbogbo àlejò ló ń dúró nínú ọgbà wa ní Brays Oaks!

"Alhaja, ta ló sọ fún yín pé ibí ni?" ni Adélékè bi wọ́n.

Alhaja wo òkè, wọ́n wo kúlà. "Bọ́ọ̀dù ni."

Daddy Fàtáì fọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ẹ ní kí ni, Alhaja?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Fàtáì! Mo ní Bọ́ọ̀dù ni. Má pa á mọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé táwọn tó kù ò rí i?"

"Ẹ̀yin lẹ dí ọ̀nà, Alhaja. Títí di ìsinsìnyí, ẹ ò tíì jáde."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Àwọn àlejò dé níkẹyìn, wọ́n to mọ́tò wọn tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń gbéyàwó, a sì sọ ọmọ mi ní Hafsah.

Bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìkéde ń lọ síbẹ̀, fọ́tò àti àmín wà lórí WhatsApp. Daddy Fàtáì ti dá àkókò padà, àmọ́ wọ́n ní ọ̀rọ̀ òyìnbó tó fi ń lé èèyàn le bíi ti mẹ́gáàdì. Àwa méjèèjì la jọ kọ òmíì ní Yorùbá, láìfàmì sí i: "Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á gbọ́ àdúrà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹlòmíì ń dúró."

Àná ni Alhaja pè mí.

"Azeezat! Ẹ̀rọ Fàtáì ṣàdúrà fún mi! Mo fẹ́ ṣàmín báyìí, ó ti tilẹ̀kùn!"