Ọmọ Tí Mi Ò Kà

Nílé wa ní Ìta-Ìjẹ̀bú, a kì í ka ọmọ fún àlejò. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé mélòó lo bí, wàá ní Ọlọ́run ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì kọjá síbòmíì. Bàbá mi tilẹ̀ máa ń kó wa sá wọ oko bí àwọn agbowó-orí bá ń bọ̀. Ọgbọ́n yẹn ni mo jogún.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dé láti kọ orúkọ gbogbo ará ilé, ọmọ ọmọ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo pe mẹ́rin. Àbúrò wọn pátápátá, ọmọbìnrin, wà lóko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́ nípa rẹ̀. Mo tẹ àtàǹpàkò mi síbẹ̀ pé ó parí.

Ọdún ń gorí ọdún, ọmọbìnrin yìí dé kíláàsì ìdánwò. Ilé ẹ̀kọ́ ní kò lè ṣe ìdánwò náà láìní nọ́ńbà tí ìjọba ń fúnni. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ gun alùpùpù lọ sí méérì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Ṣàkẹ́tẹ́.

Akọ̀wé obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wá a títí. "Bàbá, mẹ́rin ni mo rí nílé yín. Orúkọ tiẹ̀ ò sí."

"Ẹ̀rọ yín ló fọ́jú," ni mo wí, mo sì wí i sókè.

Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ní, "Bàbá, àwọn tó ń gbé ìbò mì, ṣé ọmọ ni wọn ò ní gbé mì?"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé yẹn ò bínú. Ó yí ojú ẹ̀rọ sí mi: àwòrán mi rèé tèmi ti fìlà, ọmọ mẹ́rin lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ pè wọ́n fún wa, Bàbá." Ó ní ìwé ọmọ náà yóò gba ilé ẹjọ́ kọjá kó tó jáde, ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò sì ń parí.

Ọmọ ọmọ mi ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ tán. Bí a ṣe ń jáde, àwọn èrò ń káàánú mi, wọ́n ń bú ìjọba. Mo jẹ́ kí wọ́n máa bú u.

Ìdánwò fo ọmọ náà, ó sì tún kíláàsì náà kà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá bi í, á ní ẹ̀rọ ló gbàgbé òun.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, aládùúgbò mi kan ní òun ò ní kọ orúkọ ìkókó òun sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń gbàgbé èèyàn. Mo ní kó jókòó. Mo ní ẹ̀rọ ò gbàgbé ẹnikẹ́ni, èmi ni mo fi ọmọ pamọ́.

Ó bi mí pé, "Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Òun ló wá ń bò yín láṣìírí látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ náà wà, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì ń gbọ́ wa.