Ìwé Kékeré Inú Páálí Oògùn

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ọmọ Èkìtì tó wà ní Àkúrẹ́ kó ẹrù wa padà sílé. Ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé èmi nọ́ọ̀sì lọ. N kò tíì lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n fi táásì gbé Àdùkẹ́ dé láti Ògòtún. Ó ń bì, ó sì di ikùn mú gírígírí.

Tíṣà ni Àdùkẹ́. Wárápá ti ń gbé e láti kékeré, àmọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi oògùn tuntun ránṣẹ́ láti Èkó, kò gbé e mọ́. Inú ìyá rẹ̀ dùn débi pé ó ti ń wá ọkọ fún un.

Dókítà wa ní ọgbẹ́ inú ni. A fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú, pàbó ló já sí. Ìrora náà ń gún un dé ẹ̀yìn. Mo wá rántí mátíróònù tó kọ́ mi níṣẹ́, tí kì í jẹ́ ká tọ́jú ẹnikẹ́ni láìwo gbogbo oògùn tó ń lò.

Mo sọ fún ìyá rẹ̀ tó bá a wá pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n rí oògùn rẹ̀.”

Wọ́n yọ páálí kan jáde. Mo tú ìwé inú rẹ̀, mo gbé e lọ sójú fèrèsé, nítorí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i: kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ oògùn náà lè mú kí páńkíríásì wú. Ẹ̀yà ara kan ni, ó wà lẹ́yìn àpò ikùn, omi rẹ̀ ló ń bá wa da oúnjẹ.

Mo sáré tọ dókítà lọ.

“Nọ́ọ̀sì, ọdún méjìlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí i rí.”

“Èmi náà ò rí i rí, sà. Àmọ́ ó wà nínú ìwé.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ká gba ẹ̀jẹ̀ Àdùkẹ́ lọ sí Adó fún àyẹ̀wò. Èsì dé: páńkíríásì ni lóòótọ́.

Ẹ̀rù wá bà wá. Bí a bá dá oògùn náà dúró, wárápá ńkọ́? Dókítà fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, a fa dríìpù sí i, a ní kò gbọdọ̀ jẹun kí páńkíríásì náà lè sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tí nǹkan ń rú èéfín lábẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀.

“Ìyá, kí nìyẹn?”

“Kò sí nǹkan.” Wọ́n wojú mi. “Nọ́ọ̀sì, uṣu ulé ni mo fi gún un. Ṣé ebi lẹ fẹ́ fi pa ọmọ mi ni?”

Àdùkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó tún di ikùn mú. “Mọ́mì, ẹ gbé iyán náà fún nọ́ọ̀sì.”

Mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹfà, Àdùkẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná, kò bì í. Wárápá kò sì padà. Nígbà tó ń lọ sílé, dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ lo oògùn tó wá láti Èkó yẹn mọ́ láé. Ó wá yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì yòókù, ó ní, “Ẹ wo ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.”

N kò gun ọ̀kadà lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, tí mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Aládùúgbò mi kan bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣé wọ́n fún yín ní ìgbéga ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.